Aṣọ Tí Mo Ní N Kò Rán

Ọmọ mi obìnrin fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà lórí fóònù. Ó ní bí aṣọ bá ti tọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí n gbé àwòrán rẹ̀ síta, kí n so orúkọ oníbàárà mọ́ ọn, kí n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a dúpẹ́. Ó ní inú àwọn oníbàárà máa ń dùn sí i. Mo wò ó títí, mo ní a ti ṣe irú ẹ̀ rí ní Bódìjà, kí n tó lóyún rẹ̀, kò sì sí fóònù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ṣọ́ọ̀bù mi nígbà yẹn wà lójú títì tó lọ sí ọjà Bódìjà, nítòsí àwọn onípákó. Bí èèyàn bá gbé aṣọ funfun síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó á ti bà lé e. Mo mọ aṣọ rán. N kò ní fi ìtìjú bo ìyẹn mọ́lẹ̀, torí ẹni tó mọ iṣẹ́ kò jalè. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí ẹlòmíràn ṣe máa mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń yà sọ́dọ̀ mi, ẹ̀wà àti iṣu ni wọ́n wá rà lọ́jà. Síìpù tó já ni wọ́n ń gbé wá, àti ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù.

Àbúrò mi ọkùnrin ló gba iṣẹ́ ìpolówó náà ṣe. Kò sẹ́ni tó gbé e fún un. Ó ti jáde ní Pólì, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ ò sí, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ìpolówó ọjà wà lára ohun tó kọ́ níléèwé, oúnjẹ mi ló sì ń jẹ, ó wá di dandan kó polówó mi. Bí mo bá ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, á ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ìwé ìléwọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ rẹpẹtẹ, ó pín in káàkiri Agbowó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá, mo ra ẹ̀pà níbẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n fi pọ́n ọn fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn ó háyà mọ́tò kan tó ní gbohùngbohùn lórí, ó ń ké láti Ring Road dé Challenge pé àwa la mọ aṣọ rán jù. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, àwọn olóògùn eku ló sábà máa ń lò ó. Obìnrin kan tilẹ̀ wá mi rí dé ṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn, mo fún un ní àga, ó ní ti aáyán ni kí n fún òun.

Láàárín gbogbo wàhálà yìí ni màmá kan láti Onírèké gbé iṣẹ́ wá. Ẹ̀gbọ́n wọn ló ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ mí. Ọmọ wọn àgbà, tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní ilẹ̀ Hausa, fẹ́ ṣègbéyàwó. Màmá mú aṣọ ọmọ náà kan wá kí n fi mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ya ojú ewé kan wá láti inú ìwé ìròyìn òyìnbó. Gáùn funfun ni, ọwọ́ rẹ̀ wú lókè, ìrù rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo lè ṣe é. Mo ní mo lè ṣe é kí n tó wò ó dáadáa.

Iṣẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú mi. Ìlẹ̀kẹ̀ tín-ín-tìn-tín ni mo fi ọwọ́ gán mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn títí dé ìdí. Mo fi aṣọ bo gbogbo fèrèsé nítorí lẹ́búlẹ́bú pákó, ooru sì ń pa èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Nígbà tó parí, mo gbé e kọ́ sára ògiri, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sunkún. Torí pé ó dára ni mo ṣe sunkún. Mo sọ lọ́kàn mi pé ní tèmi, bí wọ́n bá rí ọmọ náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n béèrè ẹni tó rán an, kí wọ́n ṣáà ti dárúkọ mi. N kò fẹ́ ju ìyẹn lọ.

Màmá gbé gáùn lọ, wọ́n ṣègbéyàwó, ẹnikẹ́ni ò sì wá mi wá. Ó yà mí lẹ́nu. Àbúrò mi ní kì í ṣe ẹjọ́ aṣọ, pé àwa la ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ètò kan wà lórí rédíò nígbà náà, ọ̀sán ni wọ́n máa ń ṣe é, tí àwọn èèyàn fi ń kí ara wọn. Wàá ra káàdì, wàá kọ orúkọ àwọn tó o fẹ́ kí sí i, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á sì máa kà wọ́n lọ bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Gbogbo Ìbàdàn ló ń gbọ́ ọ, torí kálukú ń retí orúkọ tirẹ̀. Àbúrò mi ní ibẹ̀ gan-an la máa gbà wọlé. Ó ní bí a bá ń yin ara wa, àwọn èèyàn lè má gbà wá gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tó máa bínú sí ẹni tó ń dúpẹ́ oore. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni. Títí di òní n kò rí ibi tí ìrònú yẹn ti yẹ̀, àfi pé ó ba nǹkan jẹ́.

Wọ́n dárúkọ màmá lórí rédíò. N kò ní dárúkọ wọn níbí, mo ti kọ́gbọ́n. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní àwa aránṣọ wọn ní Bódìjà kí wọn kú ìnáwó ọmọ, a sì dúpẹ́ pé ọwọ́ wa ni wọ́n gbé gáùn ìgbéyàwó náà sí. Ẹ̀yìn náà ni mo wá mọ̀ pé màmá ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn pé London ni wọ́n ti rán gáùn náà, pé ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e dé, àti pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tilẹ̀ dá a dúró. Dùgbẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí rédíò sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ò lọ síwájú, ọkọ̀ ò padà sẹ́yìn. Dírẹ́bà wọn fẹ́ràn ètò náà, ó sì ti yí i sókè. Ọ̀rẹ́ wọn méjì ló jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀, mo ti ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n wá dá ìkíni náà padà ni. Wọn ò jókòó.

"Ta ló ní kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Wọ́n ní mo ti tú wọn síhòòhò láàárín ọjà. Wọ́n ní bí rédíò kò bá sọ pé irọ́ ni kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí n kó máṣíìnì mi jáde nínú ilé ẹ̀gbọ́n wọn. Inú bí mi lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ iṣẹ́ tí wọn ò tíì gba òmìnira, n kò sì mọ ibòmíràn tí mo lè kó wọn lọ. Mo ní a ó ṣe bí wọ́n ṣe wí.

Àbúrò mi ló kọ ìkéde náà. Ó kọ ọ́ ṣókí, màmá ní kò tó. Wọ́n ní bí kò bá ṣàlàyé aṣọ náà, ta ló máa mọ èyí tí à ń wí? Àbúrò mi sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n kà lórí rédíò nìyí:

"Kí gbogbo ayé mọ̀ pé gáùn ìgbéyàwó funfun tó ní ọwọ́ wíwú àti ìrù gígùn, tí wọ́n fi ọwọ́ gán ìlẹ̀kẹ̀ sí láti ọrùn dé ìdí, tí ọmọ màmá wa ní Onírèké wọ̀, London ni wọ́n ti rán an. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù wa ní Bódìjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onípákó, tí à ń ṣí láràárọ̀ àfi ọjọ́ Ìsinmi."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi júwe ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù sí i. Ó ní kí àwọn èèyàn má baà ṣì í mú fún ṣọ́ọ̀bù mìíràn ni. Màmá fúnra wọn ló sanwó, wọ́n sì ní kí wọ́n kà á léraléra, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìdí máṣíìnì ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi pé n kò rán an. Ó dùn mí wọra. Mo dìde, mo pa rédíò náà, ti onípákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì parí rẹ̀ fún mi.

Ìkíni àkọ́kọ́ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn nìkan ló kà á sí. Ṣùgbọ́n ta ni kì í tẹ́tí sí ẹni tó ń sọ pé òun kò ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè? Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ìyàwó ojú ọ̀nà ti kún àga mi. Wọ́n wá láti Mọ́níyà, wọ́n wá láti Challenge. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn.

"Èyí tí ẹ ò rán yẹn, ẹ bá mi rán irú ẹ̀."

Mo ní n kò rán an lóòótọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀, kí n ṣáà wọn àwọn. Ọmọ Alhaji kan ní irú èyí tí n kò rán náà ni kí n ṣe fún òun, àmọ́ kó bo ọrùn, kí ọwọ́ rẹ̀ sì dé ọrùn ọwọ́. Bí wọ́n bá ti fẹ́ máa lọ, ìyá ìyàwó á fà mí sẹ́yìn, á ní jọ̀ọ́, kí n má kí àwọn lórí rédíò o. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Àbúrò mi ń yan kiri bí ẹni tó jẹ oyè. Èmi ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo ń rán gáùn, inú mi ò sì dùn tó bó ṣe yẹ.

Ọdún kejì ni màmá padà wá. Mo mú wọn wọ yàrá ẹ̀yìn, mo ti ilẹ̀kùn. Ọmọ wọn kejì ló fẹ́ ṣègbéyàwó báyìí, ó wà nínú ọkọ̀ níta. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun àti àwòrán inú ìwé ìròyìn yẹn sórí tábìlì, wọ́n ní kí n ṣe é bíi ti àkọ́kọ́ tí wọ́n rán ní London. Àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà, mo wo ojú wọn, n kò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Mo ká aṣọ náà padà, mo tì í sọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ àwọn ará London ju agbára mi lọ. Ẹ kúkú jẹ́ kí wọ́n bá yín rán èyí náà."

Mo mọ̀ pé wọ́n lè ní kí n kó jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ṣùgbọ́n n kò kúnlẹ̀. Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo ilẹ̀kùn. Máṣíìnì ń pariwo níta. Wọ́n wá tẹ̀ síwájú lórí àga, wọ́n rọra sọ ọ́.

"Ìwọ lo rán an."

Mo ní n kò gbọ́, máṣíìnì ń pariwo. Wọ́n tún un sọ, ohùn wọn ò sì gòkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Omi lé sí mi lójú, inú sì ń bí mi pé omi lé sí mi lójú. Gbogbo ìwé ìléwọ́ yẹn, gbohùngbohùn yẹn, rédíò lẹ́ẹ̀mejì, torí gbólóhùn kan yìí náà ni. Wọ́n wá sọ ọ́ tán, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ, ẹni náà sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo mú téèpù, mo ní kí wọ́n pe ọmọ náà wọlé. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Bí mo ṣe ń wọn èjìká rẹ̀, ó wo àwòrán tí màmá rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, ó bi mí tìyanu-tìyanu bóyá mo ti rán irú gáùn báyìí rí. Màmá ò wo ojú mi. Mo rí i bí ọwọ́ wọn ṣe di báàgì mú.

Mo ní rárá, n kò rán irú ẹ̀ rí, àmọ́ mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò.