Géèjì Inú Bọ́nẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

Bàbá mi kò bẹ̀rù ohunkóhun láyé yìí àfi ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wa tírélà láti pọ́ọ̀tù Apapa lọ sí Òkè Ọya. Wọ́n ti sùn sábẹ́ ọkọ̀ nínú igbó, wọ́n ti bá ejò pín bùláńkẹ́ẹ̀tì kan náà rí, bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Ṣùgbọ́n bí Màmá mi bá ti gbé ẹ̀rọ kékeré yẹn jáde, kíá ni ìtọ̀ á ti máa gbọ̀n Bàbá.

“Ẹ̀jẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tiẹ̀,” wọ́n á ní. “Ẹ wá lọ ń fún un lápá. Ṣé kò ní bínú ni?”

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láràárọ̀ ni orí ń fọ́ wọn. Bí wọ́n bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á di ògiri mú, wọ́n á ní ògiri náà làwọn ń wò bóyá ó ti ń sán. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí wọ́n jẹ́ ká wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má di pé wọ́n ṣubú lọ́jọ́ kan tá ò ní rí wọn gbé dìde mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tí Bàbá gbà pé ara rẹ̀ kò yá nínú ilé wa ni ọkọ̀ wọn, àlòkù kan tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Kò sóhun tí í ṣe ọkọ̀ náà ní Ajégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kó ṣáà ti gun orí afárá Ìjọra, ikọ́ dé nìyẹn. Á wú u lẹ́ẹ̀mejì, á kú. Ọjọ́ Ìsinmi kan, Màmá mi fi gèlè àti bàtà gíga ti ọkọ̀ yìí títí a fi pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹkáníìkì wa ní Malu Road pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ kọ́ìlì, ó tún pààrọ̀ ohun tí òun gan-an ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìjọra ṣì ń ṣe tiẹ̀.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe ní Wharf Road, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àti máa tú nǹkan palẹ̀. Mo wo fídíò lórí fóònù, mo rí i pé èèyàn lè so géèjì mọ́ rọ́bà tó ń gbé epo lọ sínú ẹ́ńjìnì, kó máa fi agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo hàn. Bí agbára náà bá ń já wálẹ̀ lójú ọ̀nà, a jẹ́ pé pọ́ǹpù lọ̀daràn. Mo ra géèjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé níwájú ilé.

Fídíò ní kí n kọ́kọ́ yọ fíúsì pọ́ǹpù, kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnì mu epo inú rọ́bà tán kí n tó fọwọ́ kàn án. Bàbá ní àwọn ti ń tú ọkọ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ẹni tó ṣe fídíò, kí n tú u jàre. Ta ni í bá bàbá rẹ̀ jiyàn níta gbangba? Mo tú u. Epo tú ṣàà, ó bá Bàbá láyà, ó bá wọn lójú, síńgílẹ́ẹ̀tì wọn rin gbindin. Obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa bu yẹ̀pẹ̀ sí iná, ó gbé ọpọ́n àkàrà, ó di àdúgbò kejì.

“Baba don turn filling station o!” ó ń pariwo lọ. “Make nobody light anything!”

Títí di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Bàbá ti wẹ̀ tí wọ́n tún wẹ̀, obìnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ìdí agbada òun. Òkèèrè ló ti ń ju àkàrà sí wọn.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ ti gbé òórùn epo lọ, mo gé rọ́bà, mo ki irin ẹlẹ́nu mẹ́ta bọ̀ ọ́, mo fún kílíìpù le, mo de géèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì. A ṣíná ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ gbéra, ó lọ dúró sí ogójì. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò. Ìgbà tí mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ni mo tó rò ó pé ojú wo la ó fi máa rí i lórí ìrìn. Ọkọ̀ tí kì í ṣàìsàn nílé, inú ilé ni mo kó dókítà rẹ̀ sí.

Mo wá rọ́bà gígùn, mo fa géèjì gba etí bọ́nẹ́ẹ̀tì jáde, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú. Rọ́bà náà kò gùn dé ọ̀dọ̀ dírẹ́bà. Èmi ni mo ń wakọ̀, Bàbá ló di òǹkàwé.

A gbéra. Bàbá yọ apá síta, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ bíi mọ́tò-bọ́ì tó ń júwe ọ̀nà fún tírélà. “Ó dúró! Ó dúró dáadáa! Ó dúró!” Ní Malu Road, tírélà kan tó wà lẹ́yìn wa dúró lóòótọ́. Dírẹ́bà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń yẹ táyà wò káàkiri. A fi í síbẹ̀, a lọ.

Bí a ṣe gun Ìjọra, ohùn Bàbá yí padà. “Ọgbọ̀n! Ogún! Ó ń lọ o! Ó ti lọ!” Ọkọ̀ wúkọ́, ó kú. Bàbá bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń jó. Mi ò rí ẹni tí ọkọ̀ kú mọ́ lọ́wọ́ tó yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ń kọjá rò pé bàbá náà fẹ́ yá wèrè.

Mẹkáníìkì pààrọ̀ pọ́ǹpù, Ìjọra sì gbà fún wa. Mo ní kí n yọ géèjì, Bàbá ní kí n dán an wò. Mo bá dá a padà sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà yẹn, bí a bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, wọ́n á ṣíná ọkọ̀, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tẹrí sí i.

“Baba, how body?” alákàrà á ní.

“Ogójì!” Bàbá á dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ka géèjì tán, wọ́n fẹ́ nàró, òòyì gbé wọn. Wọ́n nawọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tàsé rẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bàà. Mo lọgun pe Màmá.

Màmá gbé ẹ̀rọ wọn jáde. Wọ́n wé e mọ́ apá Bàbá níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mo ń retí ìjà. Bàbá kàn tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ náà ni.

“Ibo ló yẹ kó dúró sí?” wọ́n bi Màmá.

“Ẹ má sọ̀rọ̀. Èèyàn kì í sọ̀rọ̀ sí i.”

“Ẹ pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yẹn ná, kó má lọ da tèmi láàmú.”

Mo pa á. Ẹ̀rọ ń kùn, ó ń fún apá. Nọ́ńbà jáde, ó ku díẹ̀ kó pé igba. Síbí ìdínkàrà dúró lọ́wọ́ alákàrà. Bàbá wo nọ́ńbà náà pẹ́.

“Ti ọkọ̀ ń já wálẹ̀,” wọ́n ní. “Tèmi ń gòkè.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” mo ní.

“Ṣé pọ́ǹpù náà ni?”

Ohùn wọn ti kéré. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, omi ló bọ́ lójú mi. Màmá mi ti ń tún ìró ró, wọ́n na ọwọ́ sí Bàbá.

“Wọn ò ta tiyín ní Malu Road,” wọ́n ní. “Ẹ rọra dìde, ká lọ sọ́sípítù.”