Bàtà Àrìnkẹ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Kàtídírà Orvieto

Àrìnkẹ́ mọ àdúrà í gbà. Kò sí ará Kérúbù àti Séráfù kan tó ń jọ́sìn nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn, ní gúúsù Chicago, lọ́dún 1986, tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Tó bá kúnlẹ̀ tó ní "Jèhófà!", ara àwọn èèyàn a máa gbọ̀n. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ ni pé láti èṣín, ẹnu lásán ló fi ń gbà á. Inú rẹ̀ ti gbẹ.

Ìyá rẹ̀ ló kú ní Ìlá. Ìwé ìgbélùú Àrìnkẹ́ ò tíì jáde nígbà náà. Bó bá fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, kò ní lè padà wọlé. Nígbà tí àìsàn ìyá le, ó gbààwẹ̀, ó tan àbẹ́là, ó bẹ Ọlọ́run pé kí ìyá dúró de òun. Wọ́n sin ìyá tán, ìwé dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ìyá Aládùúrà ni gbogbo ìjọ ń pè é, Ìyá Aládùúrà kì í sì í bá Ọlọ́run jà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe ní Skokie, lẹ́bàá Chicago. Màmá Rosina tó ń tọ́jú, ọmọ Orvieto ní Ítálì ni, ó ti kúrò níbẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí ọmọ Màmá sanwó pé kó lọ fojú kan ilé kó tó kú, Àrìnkẹ́ ló bá a lọ láti máa ti àga onítáyà rẹ̀. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé Ọlọ́run tí kò dá òun lóhùn ní Chicago lè dá òun lóhùn níbi tí wọ́n ti ń pè É láti ayébáyé.

Kàtídírà Orvieto, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, ga. Òkúta dúdú àti funfun tò léra wọn lára ògiri rẹ̀ bí ilà aṣọ òfì. Lẹ́nu ọ̀nà, Àrìnkẹ́ bọ́ bàtà, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, odò lo fẹ́ wọ̀ ni?" Màmá Rosina bi í.

"Ilẹ̀ mímọ́ ni, Màmá."

"Ilẹ̀ tútù ni! Bí òtútù bá pa ọ́, ta ni yóò tì mí délé?"

Wọ́n dé yàrá ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí wọ́n tọ́jú aṣọ pẹpẹ kan sí. Màmá ní àlùfáà kan ló ṣiyèméjì láyé àtijọ́ pé, ṣé lóòótọ́ ni búrẹ́dì yìí jẹ́ ara Kristi? Bó ti ń bù ú, ẹ̀jẹ̀ kán sórí aṣọ.

"Kí ni wọ́n wá fi àlùfáà náà ṣe?"

"Kí ni wọn ì bá fi ṣe? Wọ́n ní torí aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ kán sí yìí ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ilé yìí."

Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀, ó dúró de ohùn. Ikọ́ àwọn àlejò ló gbọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, owó wẹ́wẹ́ wà nínú bàtà rẹ̀, tọ̀tún tòsì. Kò mọ̀ pé ibi tí àwọn alágbe máa ń jókòó sí ló tò ó sí.

"Lọ́la, bọ́ tèmi náà mọ́ ọn," Màmá Rosina ní, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "A ó fi kọ́lé!"

Àrìnkẹ́ ò lè rẹ́rìn-ín. Òun táwọn èèyàn ń bẹ̀ pé kó bá wọn bẹ Ọlọ́run!

Wọ́n wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó yí kàtídírà ká. Èyí tó kéré jù, létí òkè, ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún Màmá. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Oorun gbé Màmá lọ lórí àga. Àrìnkẹ́ da owó alágbe náà sínú àpótí ọrẹ, ó tan àbẹ́là kan fún ìyá rẹ̀. Àdúrà ò wá. Ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni:

"Baba, inú ń bí mi sí Ọ. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo tọrọ."

Kò sóhùn kankan. Ó ṣì kúnlẹ̀ níbẹ̀ títí Màmá fi jí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n padà dé Chicago, Bàbá Olúyẹmí, alàgbà ìjọ, ní, "Ìyá Aládùúrà, ẹ gbàdúrà fún wa."

Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀. Ó gbójú sókè sí Bàbá.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ bá mi gbà á lónìí. Èmi gan-an ló nílò àdúrà."

Bàbá gba àdúrà náà, ọ̀rọ̀ ń ta kókó lẹ́nu rẹ̀. Àmín tí Àrìnkẹ́ ṣe ò dún sókè, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ló ti wá.

Lẹ́yìn ìsìn, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì, òun nìkan nínú yìnyín.

"Baba, mo ṣì ń bínú o," ló ní. Ó sì ń bá A sọ ọ́ lọ títí bọ́ọ̀sì fi dé.