Bọ́ọ̀sì Ṣọ́ọ̀ṣì àti Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Mo Kọ́kọ́ Kọ

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Fóònù tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́ ló fà á. Bí mo bá ti wọ ilé arúgbó kan, fóònù yẹn á bi mí pé ṣé ó ti jẹun. Bí mo bá ní kò tíì jẹun, á bi mí pé kí ló dé. Bí mo bá ní ó ti jẹun, kò ní bèèrè ìyẹn mọ́. Mo máa ń dúró wò ó. Ta ló sọ fún un ìgbà tó yẹ kó bèèrè àti ìgbà tó yẹ kó dákẹ́?

Nígbà tí mo wá rí ìwé kan lára ògiri ilé ìkàwé ní Woolwich, pé wọ́n ń kọ́ àgbàlagbà ní kíkọ ètò kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀ Sátidé, mo forúkọ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni tíṣà wa. Ó ń pè mí ní Áńtì, àmọ́ “ìwọ” ló ń bá mi sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ká mi lára díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò kíyè sí i mọ́. Ó ní kí oníkálukú wá ìṣòro kan tó mọ̀, kó kọ ètò tó máa yanjú rẹ̀. Mo yan bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó àwọn àgbàlagbà ṣọ́ọ̀ṣì wa láti Thamesmead lọ sí Woolwich lọ́jọ́ Sọ́ńdè, torí gbogbo ìgbà ló ń pẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ kékeré ni: kí bọ́ọ̀sì kọ́kọ́ lọ sí ilé tó jìnnà jù, kó wá máa kó àwọn yòókù bọ̀.

Tíṣà ní, “Áńtì, má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Kọ ọ́ sínú ìwé, bíi pé ò ń rán ẹni tí kò dé Thamesmead rí níṣẹ́.”

Mo kọ ìlà mẹ́rin. Ó kà á, ó wá ṣe bí ẹni tí mo rán. “Mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó jáde. Kí ni kí n ṣe?”

“Dúró dè wọ́n.”

“Títí di ìgbà wo?”

Ẹ̀rín pa mí. Bí mo ṣe kọ ọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà á dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn títí ayé. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ìlà mẹ́rin ti di ojú ewé kan ààbọ̀.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún láti kọ ètò náà. Ìgbà kan wà tí kò ṣiṣẹ́ rárá nítorí àmì kékeré kan tí mo gbàgbé. Ọjọ́ tó wá to ilé mẹ́jọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mo dìde, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún Uncle tó ń wa bọ́ọ̀sì náà. Ó wò ó, ó ní, “Ẹ ṣé o. A máa lò ó.” Sọ́ńdè yẹn, bọ́ọ̀sì dé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Inú mi ń dùn títí mo fi rí Mọ́mì kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birchmere Park tó ń sọ̀kalẹ̀, tó ń fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú.

“Ta ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lónìí?”

“Mọ́mì, èmi ni. Ẹ má bínú.”

“Ìwọ tó ń tọ́jú arúgbó? O ò mọ̀ pé mi ò lè jókòó pẹ́?”

Ojú tì mí. Lẹ́yìn ìsìn, mo bi Uncle pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, “Ẹ ò bi mí.”

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún tíṣà, kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n lọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo jókòó ti Uncle, ìwé àti bírò lọ́wọ́ mi, mo ń bèèrè ìdí gbogbo kọ́nà tó bá yà. Mọ́mì ló máa ń gbé kẹ́yìn, nítorí ìbàdí wọn. Dádì kan wà tí ìgbàgbé ń ṣe, tí kì í wọ bọ́ọ̀sì àfi bó bá rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà ọ̀rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣáájú. Mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú wọn fún ọdún méjì, mi ò mọ ìkankan nínú rẹ̀.

Mo padà fi ìbéèrè méjì kún ètò náà: báwo ni ẹni yìí ṣe lè jókòó pẹ́ tó, àti ta ló yẹ kó bá nínú bọ́ọ̀sì? Nígbà tó to orúkọ jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bí Uncle ṣe ń ṣe é gan-an, àyàfi ilé kan. Uncle tẹjú mọ́ ilé yẹn pẹ́. “Ká gba ẹ̀yìn lọ síbẹ̀? Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.” Ó gbìyànjú rẹ̀, ó sì rí i pé ó yá ju ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Uncle lọ kí àwọn ará ilé ní Nàìjíríà, ẹlòmíràn tí kò mọ ilé ẹnikẹ́ni ló gba bọ́ọ̀sì. Ìwé mi ló tẹ̀ lé, kò sì sẹ́ni tó ṣàròyé. Lẹ́yìn ìsìn ó wá bá mi.

“Áńtì, ṣé ètò yín lè sọ fún mi ilé tí àyè wà níwájú rẹ̀ láti yí bọ́ọ̀sì padà?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ilé wo lẹ ti há?”