Obìnrin Ọlọ́lá Mi àti Ṣọ́ọ̀bù Bùkọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí l'Ẹ́gbẹ́dá ní Sátidé tó kọjá. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi!

Ẹ kúkú mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìtàn. Obìnrin ọlọ́lá kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí n kì í yéé sọ̀rọ̀ rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ ẹnu ọ̀nà!

A wá ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún Bùkọ́lá, àbúrò mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù bàtà ọmọdé ní Ìkòtún, òógùn ojú rẹ̀ ló fi dá a sílẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni Wálé, ọkọ ìyàwó, ní kó yí ìwé ṣọ́ọ̀bù náà sórúkọ òun kó tó dọjọ́ ìgbéyàwó. Ta ló fi ṣe ẹ̀rí? Obìnrin ọlọ́lá mi! Ó ní ṣebí èmi àǹtí ni mo sọ pé ọjọ́ tó wọlé ọkọ ni gbogbo ohun ìní rẹ̀ ti di tọkọ.

Àwọn kan ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Bùkọ́lá wolẹ̀. Ara mi gbóná!

Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́. Àmọ́ ṣé ibẹ̀ nìtàn parí sí? Mo dìde, mo sọ ìyókù. Ọkọ fi tẹ́tẹ́ jẹ ilẹ̀ tí bàbá obìnrin náà fún un tán. Nígbà tí obìnrin náà kó jáde, ọkọ gba àwọn ọmọ, òfin sì gbè é! Àpò méjì tó máa ń so mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ, bíi tòbí àwọn ìyá wa, ló ń kówó sí.

Ìyá Wálé, tí wọ́n ń ta abọ́ ní Ìgándò, gbójú sókè. "Owó inú tòbí náà ńkọ́?"

"Tọkọ ni, Mà. Tòbí fúnra rẹ̀ gan-an, tọkọ ni."

"Èèwọ̀!" Wọ́n kọjú sọ́mọ wọn. "Wálé, inú tòbí tèmi lowó ilé ìwé rẹ ti jáde. Nígbà tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ, kí lo rò pé a jẹ?"

Wálé ní àwàdà lòún ń ṣe.

"Àwàdà? Gbé àwàdà yẹn jókòó jàre!"

Ìgbà yẹn ni Bùkọ́lá gbórí sókè. "Bó bá jẹ́ ìyàwó lẹ ń wá, èmi rèé. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ṣófo, ẹ lọ rẹ́ǹtì ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá máa fi ìtàn ṣe ẹ̀rí, kó sọ ọ́ dópin. Ohun tó sọ obìnrin yẹn di ẹni tí kò lọ́mọ lọ́wọ́, ṣé òun la máa fi kọ́ ọmọ wa nílé ọkọ?

Ta ni wọ́n ti ní kó yí ohun ìní rẹ̀ sórúkọ ẹlòmíì rí nínú yín? Kí lẹ fún wọn lésì? Ẹ wí tiyín. Mo ṣì ń bínú, etí mi sì là!