Màmá Onígúnpá àti Àwọn Ọkọ Rẹ̀ Orí Bẹ́ǹṣì

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ìjọba ò sì gbà á síṣẹ́ rí. Aránṣọ ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, yóò sọ agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, yóò sì lọ jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún àwọn tó ti jagun rí ní ẹ̀tọ́ wọn, láti máa fi igúnpá gún àgbàlagbà ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe níbẹ̀. Màmá Onígúnpá ni gbogbo wọn ń pè é.

Kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ́fíìsì náà ṣe rí.

Gbọ̀ngàn kan ni, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì onígi mẹ́rin, fáànù kan tó ń yí lọ́jọ́ tó bá wù ú, àti fèrèsé onígíláàsì kan tí akọ̀wé jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Gíláàsì náà nípọn. Ó yẹ kí ihò tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá wà ní ọ̀gangan ẹnu, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé gíláàsì náà síbẹ̀ dorí rẹ̀ kodò, kò sì sẹ́ni tó ní kó wá tún un gbé. Nítorí náà, ìdodo èèyàn ni akọ̀wé ń bá sọ̀rọ̀. Inú ihò yìí ló ti ń pe orúkọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń pè é. Òfin ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: OLÓGUN KÌ Í DÚRÓ DE ÌPÈ KEJÌ. Ẹni tí wọ́n bá pè tí kò dáhùn, kò wá nìyẹn. Ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mẹta, kò fẹ́ ohun tó tọ́ sí i mọ́ nìyẹn, wọ́n á sì pa fáìlì rẹ̀ dé.

Ẹ wá wo irú àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Ìbọn ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn yìn lójú ogun, irú èyí tó jẹ́ pé bó bá dún níbí, abọ́ á máa gbọ̀n lórí tábìlì ní abúlé kejì. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní òwú tí wọ́n á fi dí etí. Ẹni tó sọ wọ́n di adití ló tún wá ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pè wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára wọn. Ìgbà mẹ́ta ni òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, tí ọkọ ń wo ẹnu akọ̀wé. Ìmọ́lẹ̀ ń tàn lára gíláàsì, kò rí ẹnu. Wọ́n pa fáìlì rẹ̀ dé, kò sì pẹ́ tí òun náà fi kú. Nígbà tí opó rẹ̀ lọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, akọ̀wé dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Màmá, ọkọ yín ò wá nígbà tá a pè wọ́n."

"Èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó."

"Ṣé ẹ gbọ́ nígbà tá a pè wọ́n?"

"Mo gbọ́. Mo rò pé òun náà gbọ́ ni."

"Ẹ ò rí i? A pè wọ́n."

Obìnrin mìíràn ì bá ké, ì bá sì máa ṣépè. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n ìyá mi padà lọ, ó jókòó ti ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, ó ka orúkọ rẹ̀ lára káàdì tó fi kọ́rùn, ó sì ń retí. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ náà, ó gún ọkùnrin náà níhà. Ọkùnrin náà fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ ta: "Sà!" Ọjọ́ náà ló gba ẹsẹ̀ onígi tó ti ń retí látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Ìyàwó wa" ni àwọn ológun náà ń pè é, torí pé aya ẹni tí wọ́n jọ yìnbọn ni. Òun náà ń pe gbogbo wọn ní ọkọ mi. Bí àwọn obìnrin àdúgbò bá bi í pé, "Màmá, ọkọ yín tiẹ̀ wá jẹ́ mélòó báyìí?" á ní, "Bẹ́ǹṣì mẹ́rin. Mi ò ka àwọn tó wà lórí ìdúró."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni igúnpá rẹ̀ kò lè yanjú: ọ̀rọ̀ etí. Bí ọkùnrin kan bá wá gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gún un, tó sì dáhùn ní ìpè àkọ́kọ́, akọ̀wé á kọ ọ́ pé etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí kò bá gún un, kò wá nìyẹn. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́yìn akọ̀wé tó kún fún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló ń rí wọn, kò sì sẹ́ni tó gba ọ̀kan rí. Akọ̀wé máa ń fi yangàn pé láàrin gbogbo ológun tó ti kọjá lọ́wọ́ òun, kò sí adití kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ ni Bàbá Àrá ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Alagi ni Bàbá Àrá, kì í ṣe ológun gidi. Bí wọ́n bá ti nílò ẹni tó mọ ìbọn yìn, wọ́n á wá mú un níbi tó ti ń la gẹdú, á lọ yìn ín, wọ́n á sì dá a padà. Nígbà tí wọ́n dá a padà gbẹ̀yìn, wọn ò dá etí rẹ̀ padà mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kan, lọ́rì tó ń fẹ̀yìn rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ọ̀gá onígẹdú sọ pé òun ò ní bá wọn sin ẹnikẹ́ni: bí kò bá wá pẹ̀lú ẹ̀rọ létí, kó má wá mọ́. Kí Bàbá Àrá tó gbọ́ òkìkí Màmá Onígúnpá, òun nìkan ti lọ jókòó ní ọ́fíìsì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni kò "wá."

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó sì sọ̀rọ̀ bí adití ṣe ń sọ ọ́, tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́.

"Ìyàwó wa! Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kí ni kí n máa ṣe nílé? Kí n máa wo ìyàwó mi, kí òun náà máa wò mí? Àwa méjèèjì ò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ. Lórí aṣọ dúdú tó tẹ́ sórí tábìlì, ó ya àwọn ọkùnrin tó dìde dúró, ó ya ẹnìkan tó jókòó, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: MÁ DÌDE. Ète rẹ̀ kò le. Bí wọ́n bá pe orúkọ Bàbá Àrá, gbogbo bẹ́ǹṣì á dáhùn àyàfi Bàbá Àrá. Òfin ní kí wọ́n dáhùn, kò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ dáhùn. Afọ́jú pàápàá á sì rí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá Àrá ka ọ̀rọ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí n ṣáà jókòó? Ìyẹn nìkan? Ìyàwó wa, ìyẹn ò le!"

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ìborùn di apá òsì rẹ̀ mọ́ àyà gbọingbọin, torí pé apá òsì náà ló kọjú sí Bàbá Àrá, apá tó sì ti mọ́ lára láti máa gún èèyàn kò ṣe é fọkàn tán. Lápá ọ̀tún rẹ̀ ni Kọ́púrà jókòó sí. Kúùkù ni Kọ́púrà nínú iṣẹ́ ológun, kò fọwọ́ kan ìbọn rí, ó ń gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ tó bá bọ́. Eyín ló wá gbà. Àwọn ayìnbọn mẹ́fà ló jókòó tẹ̀ lé e.

Akọ̀wé pe orúkọ náà sínú ihò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gún Kọ́púrà, Kọ́púrà gún ẹnì kejì, ẹnì kejì gún ẹnì kẹta, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin bẹ́ǹṣì. Wọ́n dìde gbìrìrì, wọ́n na ara ṣánṣán. "Sà!"

Bàbá Àrá rí àwọn ọkùnrin tó na ara ṣánṣán. Orí rẹ̀ rántí ṣọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ó ta kìjí dìde. "Sà!" Tirẹ̀ ló dún jù.

Inú akọ̀wé dùn. "Ẹ ò rí i? Gbogbo yín lẹ gbọ́. Ó ti tán. Ẹ jókòó."

Kò sẹ́ni tó jókòó.

"Mo ní ẹ jókòó."

Wọ́n ń wo ògiri. Kọ́púrà gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ológun tó máa dá jókòó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí ìdúró.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jókòó."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọ́kọ́ wo Bàbá Àrá, tó ti ba gbogbo nǹkan jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo gíláàsì. "Ọmọ mi, ta lèmi tí màá pàṣẹ fún ológun? Etí wọn ṣáà dá ṣáṣá, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Sọ fún wọn."

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyí tí ọ̀gá ọ́fíìsì náà fi ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé. Ó rí àwọn ọkùnrin mẹ́jọ lórí ìdúró ṣánṣán, ó rò pé òun ni wọ́n ń kí. Látìgbà tó ti dé ọ́fíìsì náà, kò sẹ́ni tó kí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó rìn kọjá níwájú wọn, ó sì wí pẹ̀lú ohùn ọ̀gá pé, "Ẹ sinmi!"

Wọn ò sinmi.

Ó dúró síwájú Kọ́púrà. "Ṣé o ò gbọ́ ni?" Kọ́púrà dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n láìsí eyín, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wí. Ọ̀gá kọjá lọ síwájú Bàbá Àrá. "Ìwọ, kí lorúkọ ẹ?"

Bàbá Àrá rí ẹnu ọ̀gá tó ń mì. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀gá máa ń bi í lójú ogun nígbà tó bá wà lórí ìdúró bẹ́ẹ̀. "A ti kì ìbọn, sà! Ṣé kí n yìn ín?"

Ọ̀gá fò sẹ́yìn. "Akọ̀wé! Kí ló ń ṣe àwọn èèyàn yìí?"

"Kò sí, sà. Gbogbo wọn ló ń gbọ́ràn, sà."

"Wọ́n gbọ́ àṣẹ mi, wọ́n wá kọ̀ ọ́?"

Ọ̀gá ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò. Ológun tó gbọ́ àṣẹ tó kọ̀ ọ́, ọ̀tẹ̀ ló dì. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọ̀tẹ̀ tó àwọn ọ̀gá àgbà létí, àwọn ọ̀gá àgbà á sì wá wádìí, wọ́n á wá béèrè irú oúnjẹ ọ̀sán tí ọkùnrin kan ń jẹ títí ọjọ́ fi rọ̀. Ọ̀gá yìí náà ò sì ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Iwájú fèrèsé yìí kan náà ló ń bọ̀ wá jókòó sí.

"Adití ni wọ́n," ó wí. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn."

"Sà, eyín ni Kọ́púrà wá gbà, sà."

"Mo ní gbogbo wọn!"

Wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọn ò rí i. Wọ́n já a. Kọ́púrà náà gba tirẹ̀. Ní báyìí, ó ń gbọ́ ìrìn èèrà, kò sì lè jẹ ẹran. Nígbà tó padà lọ nítorí eyín, wọ́n sọ fún un pé orí kan kì í gba ẹ̀tọ́ méjì.

Bàbá Àrá padà síbi gẹdú pẹ̀lú ẹ̀rọ létí. Ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́ ni ayùn. Èkejì ni ọ̀gá onígẹdú, tó ń fi orí rẹ̀ wé orí ewúrẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, tí Bàbá Àrá sì máa ń dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà, ilé ńkọ́?" Kò sọ fún un pé òun gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wọn ò ṣí fáìlì rẹ̀. Kò wá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà fún àyẹ̀wò. Òfin tuntun ti wà fún adití: akọ̀wé á pè é lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dáhùn, ó ti gbádùn nìyẹn, kó dá ẹ̀rọ padà. Bí kò bá dáhùn, akọ̀wé á jáde wá, á fọwọ́ ara rẹ̀ jí i kó wá tọwọ́ bọ̀wé. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣí agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yọ ẹ̀rọ létí, ó sọ ọ́ sínú agolo, ó sì wọlé lọ jókòó ní adití.

Akọ̀wé pe orúkọ Bàbá Àrá. Kò sẹ́ni tó mira. Akọ̀wé jáde láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi igúnpá gún un.

"Ọmọ mi, eegun lo gún yẹn," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. "Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń gún. Rọra."

Akọ̀wé dúró, ó tẹ́tí. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí kò bá sí létí ẹnikẹ́ni máa ń súfèé, mẹ́jọ ló sì wà nínú agolo tó wà lórí itan obìnrin náà, tí wọ́n ń súfèé bí ìkòkò omi tó fẹ́ hó.

"Màmá, kí ló ń dún bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé igúnpá lé ìdérí agolo.

"Níbo? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."