Màmá Tó Ní Òun Lúwẹ̀ẹ́ fún Britain

Ọjọ́ tí mo mú màmá òyìnbó tí mò ń tọ́jú ní Swinton lọ sí swimming pool kò lè kúrò lọ́kàn mi. Nígbàkígbà tí àwọn obìnrin Britain bá ń lúwẹ̀ẹ́ díje lórí tẹlifíṣọ̀n, màmá á ní, "Èmi náà ṣe é rí." Mo fura. Ẹni tí mò ń bẹ̀ kí wọ́n tó wẹ̀ láàárọ̀? Mo wá medal títí nínú ilé, n kò rí. Mo bá mú wọn lọ, kí irọ́ náà lè tú.

Bí wọ́n ṣe wọ omi ni wọ́n rì. Àyà mi já. Kí n tó pariwo, màmá ti yọ lódìkejì. Wọ́n fọwọ́ gbá ògiri, wọ́n sì gbójú sókè kíá, gẹ́lẹ́ bí àwọn orí tẹlifíṣọ̀n ṣe máa ń wo àkókò wọn.

"Dúpẹ́, kí ni time mi?"

Kò sí aago kankan lókè níbẹ̀. Síbẹ̀, èmi tí mò ń pè wọ́n ní òpùrọ́ náà gbójú sókè, mo ń wá a.