Àwọn Ọmọńlé Ẹ̀yìn Fọ́tò Bàámi

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú ìyá mi rí nílé wa ní Bàrígà, nítorí inú ṣì ń bí mi!

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, bọ̀dá mi àgbà sì fẹ́ di káńsílọ̀. Màámi ò lè rìn mọ́. Wọ́n ti ṣubú, egungun ìbàdí wọn kán. Lẹ́yìn tí a gbé wọn kúrò ní ọsibítù Ìgbóbì, orí bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀ ni wọ́n ń wà látàárọ̀ dalẹ́.

Kí ni wọ́n ń rí wò? Fọ́tò Bàámi olóògbé ni. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń gbé fọ́tò àgbà kọ́: sókè pátápátá, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò. Àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọńlé ń gbé. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé ẹyin funfun méjì-méjì sí.

Tí a bá tan iná nírọ̀lẹ́, wọn á yọ jáde wá ṣọdẹ ẹ̀fọn. Màámi á rẹ́rìn-ín: “Ẹ wò ó, bàbá yín ti rán àwọn èèyàn ẹ̀ níṣẹ́!” Ẹ̀rín kan ṣoṣo tí wọ́n ń rín lójúmọ́ nìyẹn o.

Àfi bí àwọn ará ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ní àwọn ń bọ̀ wá kí bọ̀dá mi! Ìyàwó rẹ̀ ní ìgbẹ́ ọmọńlé lára ògiri á dójú ti àwọn. Ó tún ní tí ọmọńlé bá já sínú ọbẹ̀, gbogbo ilé ló máa kú. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì ṣàlàyé pé ọmọńlé ò lóró rárá. Bọ̀dá mi bú sẹ́rìn-ín.

“Púrọ̀fẹ́sọ̀ alángbá! Ṣé àwọn ló máa dìbò fún mi?”

“Bọ̀dá mi, ẹ ṣáà bi Màámi kẹ́ ẹ tó ṣe é. Àwọn ló ń sùn síbẹ̀.”

Kò bi wọ́n. Ibi iṣẹ́ ni mo wà tí òun àtìyàwó rẹ̀ fi sọ fọ́tò kalẹ̀, tí wọ́n fọ́ ẹyin, tí wọ́n fín oògùn káàkiri. Wọn ò tilẹ̀ gbé ìyá wa jáde! Wọ́n kàn fi aṣọ bò wọ́n lójú ni. Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọńlé ń gbọ̀n, wọ́n ń já bọ́ sórí ìbora Màámi. Màámi gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́.

“Kí lèyí ṣe fún wọn?”



Àwọn àlejò dé lóòótọ́. Ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ni wọ́n dúró sí. Wọ́n mu mínírà, wọ́n lọ. Ẹnikẹ́ni ò wọ pálọ̀!

Òórùn oògùn lọ, ẹ̀fọn padà wá, kò sì sí ọdẹ mọ́. Ibà dá Màámi wólẹ̀. Mi ò lè búra pé ìyẹn ló pa wọ́n. Ohun tí mo lè búra lé lórí ni pé Màámi ò rẹ́rìn-ín mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Bọ̀dá mi wá gbé fọ́tò Màámi kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàámi. Ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri pinpin, èèrà gan-an ò ráyè kọjá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó tún yàrá àgbàlagbà ṣe, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ràn níbẹ̀. Ṣé wọ́n ti ṣe irú èyí fún òbí tiyín rí? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀, mò ń kà á.

Èmi náà gbé fọ́tò Màámi kọ́ sí yàrá mi ní Ọbaníkòró. Mo jẹ́ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, màá tanná, màá wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ṣì ṣófo.